Afẹ́fẹ́ Lẹ Ń Rà: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Kó Jẹ́tì Aléfòó, Bọ́ì àti Ráfùtì Wọ Èkó

Ẹni tó bá ra ohun tó ń léfòó, afẹ́fẹ́ ló rà. Rọ́bà tàbí irin tí iléeṣẹ́ ń gbowó lé lórí, awọ ni. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń gbé èèyàn. Òun ló fà á tí owó ọkọ̀ òkun fi ń ga ju bí oníṣòwò ṣe rò lọ. Òun ló fà á tí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ fi ń já èèyàn kulẹ̀. Òun náà ló fà á tí jẹ́tì tó dúró dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́ fi ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́dún kejì.

À ń kọ èyí fún ẹni tó fẹ́ jẹ́tì aléfòó (ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ tó ń léfòó) sí etí omi ní Ìkòyí, Lẹ́kì, Ẹ̀bútè Mẹ́tta tàbí Ìkòròdú, fún ọlọ́kọ̀ tó nílò ráfùtì ìgbẹ̀mílà, àti fún kọ́ńtíráktọ̀ tí wọ́n gbéṣẹ́ bọ́ì, àmì aléfòó tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, fún. Bóyá Ṣáínà lẹ ti ń rà á ni o, tàbí Tọ́kì, tàbí Yúróòpù, ọ̀nà kan náà lẹ máa tọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn omi kí ẹ tó ṣí katalọ́ọ̀gù

Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ ta kókó sí i ní ìdajì mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọn ibi tí jẹ́tì máa wà nígbà tí omi bá fà tán, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá kún. Ọ̀sẹ̀ tí oṣù bá lé tuntun àti èyí tí òṣùpá bá mọ́ rokoṣo ni kí ẹ lò, torí ìgbà náà ni omi ń kún jù tó sì ń fà jù. Ní etíkun Èkó, ìyàtọ̀ àárín kíkún àti fífà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, àmọ́ mítà kan náà tó láti gbé jẹ́tì jókòó sórí ẹrẹ̀, nítorí Ọ̀sà Èkó kò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí ibi tí ẹ mú bá kéré sí ìdajì mítà nígbà tí omi bá fà, ẹ sún jẹ́tì síwájú kí ẹ sì fi afárá gígùn dé ibẹ̀. Rọ́bà tó bá ń jókòó sórí ẹrẹ̀ lójoojúmọ́, tí èèyàn sì ń rìn lórí rẹ̀, etí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ya.

Ẹ wo ohun tó wà nísàlẹ̀ omi pẹ̀lú. Yanrìn máa ń di ìdákọ̀ró mú. Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ máa ń gbé e mì. Ẹ tún rántí pé omi ọ̀sà kì í ṣe ẹyọ kan náà yípo ọdún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun ń wọ inú rẹ̀. Nígbà òjò, Odò Ògùn ń da omi dídùn sí i. Kúbíìkì mítà kan omi òkun wọ̀n tó kílò 1,025, ti omi dídùn jẹ́ 1,000. Bí ilé iṣẹ́ bá fi omi òkun ṣírò agbára ẹrù wọn, ẹ fi 1,000 ṣírò tiyín.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣírò ẹrù àti ẹyọ tí ẹ nílò

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ni àpótí rọ́bà líle tí wọ́n ń pè ní HDPE, tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 40. Mẹ́rin ló ń kún mítà kan níbùú lóròó. Ẹyọ kan máa ń wọ̀n tó kílò 6 sí 7. Tí ẹ bá yọ ìwọ̀n àpótí fúnra rẹ̀ àti igun tó rí róbótó kúrò, mítà kan níbùú lóròó lè gbé nǹkan bíi kílò 350 kó tó rì pátápátá.

Kó tó rì pátápátá ni a wí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Jẹ́tì tí omi dé ọrùn rẹ̀ kì í ṣe jẹ́tì mọ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má lo ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ fún ibi tí èrò ti ń wọ ọkọ̀, nítorí èrò Èkó kì í tò káàkiri. Gbogbo wọn ló ń sún sí ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe jẹ́tì mítà 6 sí 4. Ìyẹn jẹ́ mítà 24 níbùú lóròó, àpótí 96, tí a tò ní 12 sí 8. Agbára rẹ̀ jẹ́ 24 lọ́nà 350, ìyẹn kílò 8,400. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 2,800. Bí ẹ bá ka èèyàn kan sí kílò 75, èrò 37 ni. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sára pátákó ní ẹnu afárá kí gbogbo èèyàn rí i.

Ní ti ìsopọ̀: àpótí kọ̀ọ̀kan ní etí mẹ́rin, etí kọ̀ọ̀kan sì ga ju èkejì lọ ní ìpele, kí mẹ́rin tó pàdé lè gorí ara wọn bí abọ́. Ibi tí mẹ́rin bá ti pàdé ni ẹ máa ki píìnì gígùn bọ̀. Fún 12 sí 8, ó jẹ́ 11 lọ́nà 7, ìyẹn píìnì 77. Ẹ̀gbẹ́ tí àpótí méjì péré ti pàdé jẹ́ 36. Ibẹ̀ máa ń gba bóòtì àti nọ́ọ̀tì pẹ̀lú wáṣà tó máa dípò etí méjì tí kò sí níbẹ̀. Igun mẹ́rin tó kù ló ń gba ibi tí a máa so okùn mọ́. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún gbogbo píìnì àti wáṣà. Àwọn tó gbàgbé wáṣà etí kì í mọ̀ títí iṣẹ́ fi dé, nígbà náà wọ́n á máa fi táyà gígé dí àlàfo. Ìgbì ọkọ̀ yóò tú u ká láàárín oṣù díẹ̀.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń tajà kì í sọ: bí ohun tí ẹ fẹ́ bá kéré, bóyá láti so ọkọ̀ kan mọ́lẹ̀, ẹ má ra nǹkan kan láti òkè òkun. Dúróòmù rọ́bà lítà 200 tí a dé pa dáadáa ń gbé nǹkan bíi kílò 180 sí 190. Mẹ́jọ lábẹ́ pákó tó gbó dáadáa ti tó. Àmọ́ ẹ fi ìtọ́jú sí i. Dúróòmù rọ́bà ló gbé ilé ẹ̀kọ́ orí omi tí ayàwòrán ilé Kúnlé Adéyẹmí yà ní Makókó. Wọ́n kọ́ ọ ní 2013, ó sì wó ní oṣù kẹfà ọdún 2016 lẹ́yìn òjò ńlá. Ohun tó wà lórí omi ń mì tọ̀sán tòru, gbogbo ìṣó àti okùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀yin bá ń sùn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ orúkọ ẹrù yín lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù

Níbí ni ẹrù ti ń há. Kóòdù HS ni gbogbo ayé fi ń pe ẹrù, ohun tó ń léfòó tí kì í ṣe ọkọ̀ sì wà lábẹ́ 8907. Ráfùtì tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí jẹ́ 8907.10; ìyókù jẹ́ 8907.90. Lábẹ́ ìyókù yìí ni jẹ́tì aléfòó wà, bọ́ì àti àmì ojú omi, táǹkì aléfòó tí a ń sin ẹja sí, ògiri tí a fi ń dí omi nígbà tí a bá ń kọ́ afárá, àti pọ́ńtúnù onírin róbótó, ìyẹn àgbá aléfòó, tó ń gbé afárá ìgbà díẹ̀ ró.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ìbátan rẹ̀. Ọkọ̀ rọ́bà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí èèyàn lè wà lọ síbi tó wù ú, wà ní 8903. Ọkọ̀ tó ń gbẹ́ yanrìn, kéréènì orí omi àti ibi ìtọ́jú ọkọ̀ tó ń léfòó wà ní 8905, bẹ́ẹ̀ náà ni pọ́ńtúnù tó ní ìrísí ọkọ̀ kì í jókòó sí 8907. Ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà, àyàfi èyí tí a ń fi àjẹ̀ wà, wà ní 8906. Ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà tí a fi aṣọ rán jẹ́ 6307.20. Ohun tó ń gbé àwọ̀n apẹja léfòó kò sí níbí rárá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ajẹ́ǹtì kò fún ní àfiyèsí nìyí: orí 89 nínú ìwé kóòdù náà kò ní ibì kankan fún ẹ̀yà ara. Bí jẹ́tì bá dé ní títúká, pẹ̀lú àpótí, píìnì, bóòtì àti àtẹ̀gùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, jẹ́tì odindi ni wọ́n máa kà á sí, 8907.90. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó píìnì nìkan wọlé lọ́dún tó ń bọ̀ gẹ́gẹ́ bí àpààrọ̀, ohun rọ́bà ni wọn, kì í ṣe jẹ́tì mọ́. Ìdákọ̀ró fúnra rẹ̀ jẹ́ 7316, ẹ̀wọ̀n onírin 7315, okùn 5607. Nítorí náà, ẹ ra àpààrọ̀ pọ̀ mọ́ jẹ́tì, kí ẹ sì jẹ́ kí ínfọ́ìsì kọ ọ́ ní gbólóhùn kan: jẹ́tì aléfòó kan, ní títúká, pẹ̀lú ohun ìsopọ̀ rẹ̀. Ẹ ka iye dúútì rẹ̀ nínú ìwé owó ibodè ECOWAS kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìpele márùn-ún ló wà níbẹ̀, 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yẹ ọjà wò kí ẹ tó sanwó

Fún àpótí rọ́bà, ẹ ní kí wọ́n fi ẹyọ kan ránṣẹ́. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n. Bó bá kéré sí ohun tó wà nínú ìwé wọn, awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Ẹ rì í sómi fún wákàtí 24 pẹ̀lú òkúta lórí, kí ẹ nù ún, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kí ìwọ̀n náà bára mu. Bó bá fi díẹ̀ lé, ìdérí rẹ̀ tàbí ojú ìlẹ̀pọ̀ rẹ̀ ń jò. Ẹ tẹ gbòǹgbò etí náà pẹ̀lú irin gígùn. Ibẹ̀ ni ìgbì ń jà, ibẹ̀ ni rọ́bà àtúnyọ́ ti ń ya. Ẹ béèrè ní kíkọ sílẹ̀ pé rọ́bà tuntun ni, àti pé oògùn oòrùn wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ dúdú ló ń fara da oòrùn jù, àmọ́ ó ń jó ẹsẹ̀ lọ́sàn-án. Fún ilé ìtura, a máa yan àwọ̀ eérú tàbí búlúù.

Fún bọ́ì, àwọ̀ ni ẹ̀mí. Nàìjíríà wà ní Ẹkùn A nínú ètò IALA tó ń darí àmì ojú omi lágbàáyé. Bí ọkọ̀ bá ń ti òkun wọlé, pupa ni yóò wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ìrísí rẹ̀ á dà bí agolo. Àwọ̀ ewé ni yóò wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣóńṣó. Amẹ́ríkà, Japan, Kòríà àti Philippines wà ní Ẹkùn B, níbi tí èyí ti yí padà. Ẹni tó bá kó bọ́ì tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà wá sí ẹnu ọ̀nà Èkó, àṣìṣe tó lè gbé ọkọ̀ lọ sórí yanrìn ló kó wá. Ẹ kọ «Ẹkùn A» sínú ìwé àdéhùn. Inú bọ́ì náà ńkọ́? Ẹ yan èyí tí wọ́n fi fóòmù oníhò dídé, tí omi kì í wọ̀, kún. Bí ọkọ̀ bá kọlu bọ́ì aláfẹ́fẹ́ lásán, ó rì. Èyí tó ní fóòmù yóò ṣì máa léfòó. Kí ẹ sì fi àgò irin bo pánẹ́ẹ̀lì oòrùn àti bátìrì rẹ̀, torí àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jí.

Ráfùtì ìgbẹ̀mílà ní òfin tirẹ̀. Ọkọ̀ òkun ńlá ń lo èyí tó bá SOLAS, àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, mu: ó gbọ́dọ̀ lè fara da ọgbọ̀n ọjọ́ lórí omi, wọ́n gbọ́dọ̀ ti jù ú láti gíga mítà 18 láìbàjẹ́, èèyàn tó kéré jù tó lè gbà sì ni 6. Ọkọ̀ afẹ́ kékeré lè lo èyí tó bá ìlànà ISO 9650 mu. Ẹ má rà á láìwo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, nítorí oṣù 12 sí 12 ni wọ́n ń ṣí ti SOLAS yẹ̀ wò. Ẹ kọ́kọ́ wá ilé iṣẹ́ ní Èkó tí olùṣe fọwọ́ sí láti máa yẹ ẹ̀yà náà wò. Bí kò bá sí, ẹ yí ẹ̀yà padà, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ohun kékeré tó ń tú ráfùtì sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ọkọ̀ tó rì kọjá mítà 4, èyí tí a kì í tún ṣe, ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lò.

Àti pé gáàsì wà nínú ráfùtì, iná àmì sì wà nínú ẹrù rẹ̀. Nítorí náà ẹrù eléwu ni; nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé ẹrù eléwu àgbáyé ni UN 2990, ìsọ̀rí 9. Ẹni tó bá kọ «ohun rọ́bà» sára rẹ̀ ń wu àwọn atukọ̀ léwu. Bí wọ́n bá sì rí i, ẹrù náà kò ní kúrò níbi tó wà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìwé

Báńkì yín ló máa ń bá yín ṣí Fọ́ọ̀mù M, ìwé tí a fi ń kéde ẹrù tí a fẹ́ kó wọlé. Ẹ gba ínfọ́ìsì àkọ́kọ́ tó ní kóòdù, iye, ìwọ̀n, ohun tí wọ́n fi ṣe é àti orílẹ̀-èdè tó ti wá. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Nàìjíríà, torí òfin kò gbà ti òkè òkun fún ẹrù tó ń wọlé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ra ọjà ní iye tó kó ọjà àti owó ọkọ̀ pọ̀, láìsí ìnṣọ́ránsì nínú rẹ̀. Ẹ gba ìwé ọjà SONCAP, ẹ̀rí pé ọjà bá ìlànà Nàìjíríà mu, kí ẹ tó kó Fọ́ọ̀mù M sílẹ̀. Nínú ètò SONCAP, Ọ̀nà A ló wà fún ẹni tó ń kó ọjà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. B àti C wà fún ẹni tó ń kó o léraléra. Fọ́ọ̀mù M fún ọjà lásán ń lo ọjọ́ 180.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kó ẹrù sọ́kọ̀ kí Fọ́ọ̀mù M tó jáde. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá kúrò, ìwé bill of lading (ẹ̀rí pé ọkọ̀ ti gba ẹrù), CCVO (ìwé iye ọjà àti ibi tó ti wá), ínfọ́ìsì ìkẹyìn, àkójọ ẹrù àti ìwé SONCAP ẹrù náà yóò gba ọwọ́ báńkì dé ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, PAAR, ìwé tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń sọ iye tí ẹ máa san, yóò sì jáde. Kí PAAR ti wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ ni kí ẹ máa lé.

Ìgbésẹ̀ 6: Kíkó sínú kọ̀ńténà

Kọ̀ńténà gíga oní-ẹsẹ̀ bàtà 40 ní gígùn mítà 12.03, ìbú 2.35, gíga 2.69 nínú. Lórí ìwé, àpótí 24 lọ́nà 4 lọ́nà 6, ìyẹn 576, ló máa wọ̀ ọ́. Etí àti ẹnu ilẹ̀kùn máa dín in kù, nítorí náà kí ẹ ní kí olùtajà yàwòrán bó ṣe máa tò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀: 576 lọ́nà 7 jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 4 péré, nígbà tí kọ̀ńténà lè gbé ju 25 lọ. Owó afẹ́fẹ́ lẹ ń san. Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ kó ohun wúwo sínú àlàfo, bí ẹ̀wọ̀n, píìnì, àtẹ̀gùn àti irin afárá. Wọ́n ní láti wà nísàlẹ̀, kí wọ́n sì ní pákó láàárín, nítorí ẹ̀wọ̀n tó bá ń yí lórí òkun á lu àpótí jó.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìṣírò owó

Ẹ jẹ́ ká fi FOB (iye ọjà títí dé inú ọkọ̀) 20,000 dọ́là, owó ọkọ̀ 3,500 àti ìnṣọ́ránsì 300 ṣe àpẹẹrẹ. CIF, ìyẹn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, jẹ́ 23,800. Bí dúútì bá jẹ́ 10% (àpẹẹrẹ ni, ẹ fi ti ìwé rọ́pò rẹ̀), ó jẹ́ 2,380. Àfikún 7% lórí dúútì jẹ́ 166.60. CISS (owó àbójútó ẹrù tó ń wọlé), 1% FOB, jẹ́ 200. ETLS (owó ECOWAS), 0.5% CIF, jẹ́ 119. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ CIF, ó di 26,665.60; VAT 7.5% lórí rẹ̀ jẹ́ 1,999.92. Àròpọ̀ ohun tí ẹ máa san ní ibodè jẹ́ 4,865.52 dọ́là, ní iye náírà tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá ń lò lọ́jọ́ náà. Òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù ọdún 2023 dá owó 4% lórí FOB sílẹ̀, wọ́n sì ti kéde rẹ̀ kí wọ́n tún dá a dúró. Ẹ bi ajẹ́ǹtì yín léèrè èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ẹ tó ṣírò. Owó tẹ́mínàlì, owó ilé iṣẹ́ ọkọ̀ àti owó tírélà kò sí nínú èyí.

Bí ibi tí ẹ ń gbé e lọ bá wà ní ìhà Lẹ́kì àti Ẹ̀pẹ́, ẹ wo èbúté Lẹ́kì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023; ẹ ò ní gba Àpápá kọjá. Bí ó bá jẹ́ Ẹ̀bútè Mẹ́tta tàbí Ìkòròdú, Àpápá tàbí Tin Can ṣì ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣí kọ̀ńténà, ẹ tẹ àwòrán jẹ́tì tó ti dúró lórí omi síwèé, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ 8907 tí a tẹ̀ tì í. Ẹni tó ń yẹ ẹrù wò rí àpótí rọ́bà òfìfo. Bí kò bá mọ ohun tó ń rí, orúkọ mìíràn ló máa fún un.

Ìgbésẹ̀ 8: Àṣẹ àti síso mọ́lẹ̀

Ẹ gba àṣẹ NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ojú omi inú ilẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi àṣẹ ojú omi sọ́wọ́ àjọ náà nínú ẹjọ́ òun àti ìjọba Èkó. Síbẹ̀, ẹ lọ bá LASWA, àjọ ojú omi ìpínlẹ̀ Èkó, náà, torí àwọn ló ń bójú tó ọ̀pọ̀ jẹ́tì èrò ní ìpínlẹ̀ yìí, bíi Five Cowries ní Falomo. Bọ́ì tó bá wà ní ọ̀nà ọkọ̀ ńlá jẹ́ ti NPA, àjọ èbúté Nàìjíríà; ẹ ò gbọdọ̀ fi tiyín síbẹ̀ láìsí àṣẹ wọn.

Ìdákọ̀ró kọ́ńkéré ń tan èèyàn. Kúbíìkì mítà kan rẹ̀ wọ̀n tó kílò 2,400 lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n omi ń gbé 1,000 nínú rẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan lórí ilẹ̀ di nǹkan bíi kílò 583 nínú omi. Ìyẹn ni kí ẹ fi ṣírò. Gígùn ẹ̀wọ̀n kó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta jíjìn omi, nígbà tó bá kún. Níbi tí àyè kò gbà, ẹ gún páìpù irin méjì sínú ilẹ̀ kí jẹ́tì máa fi òrùka rólà gòkè sọ̀ kalẹ̀ lára wọn. Ní etí ọ̀sà tó ní pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, èyí la fẹ́ jù.

Orí afárá tó wà létí ilẹ̀ ni kí ẹ fi híǹjì dè. Orí kejì kó ní táyà kékeré, kó máa yí lórí jẹ́tì bí omi ṣe ń kún tó ń fà. Ẹni tó bá fi bóòtì de orí méjèèjì, omi àkọ́kọ́ tó bá fà dáadáa ló máa fa etí àpótí já.

Koríko ojú omi náà ń bọ̀. Bó bá kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ti jẹ́tì bí ẹni ń ti ògiri. Ẹ fi okùn aléfòó ṣe ọgbà sí ìhà tó ń gbà wá, kí ẹ máa kó o kúrò kó tó di erékùṣù.

Lóṣooṣù, ẹ mú igi, kí ẹ máa kan àpótí kọ̀ọ̀kan lórí. Èyí tó ṣófo máa ń dún gbọ̀n-ọ́n. Èyí tí omi ti wọ̀ á dún gbúù. Ẹ yọ píìnì mẹ́rin igun rẹ̀, ẹ yọ ọ́ jáde, ẹ fi tuntun sípò rẹ̀, kí ẹ to etí rẹ̀ ní ìpele bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí píìnì tó padà.